Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá: Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu aláǹtakùn ká tó gbé ìgbálẹ̀

Bí ẹ bá gbójú sókè nínú yàrá tẹ́ ẹ wà báyìí, àfàìmọ̀ kí aláǹtakùn kan má wà ní igun kan níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń gbọ̀n bí èèyàn bá fọwọ́ kan òwú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ kékeré tó máa ń fò kiri lójú fèrèsé ọ́fíìsì. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ò ju méjì lọ: ká gbé ìgbálẹ̀, àbí ká nawọ́ sí oògùn apakòkòrò. Ẹjọ́ parí, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun.

Àwọn àgbà ló ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 náà ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu èèyàn kí wọ́n tó dá a lẹ́bi. Mo mọ̀ pé aláǹtakùn kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà o, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣe é fún un lónìí.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ni pé ó dọ̀tí. Òwú tí eruku àti èéfín jẹnẹrétọ̀ ti sọ di dúdú lókè fáànù, jànkáriwọ̀ nìyẹn. Ẹni tó ta á ti kó lọ tipẹ́. Òwú tuntun mọ́ tónítóní, ẹni tó ni ín sì wà níbẹ̀. Omi lásán ni òwú yìí nínú ikùn rẹ̀, bó ṣe ń fà á jáde ló ń di okùn. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń jẹ òwú àná kí wọ́n tó ta tòní, kò sófò rárá.

Ẹ̀sùn kejì ni oró. Lóòótọ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo aláǹtakùn ló ní oró, òun ni wọ́n fi ń pa kòkòrò. Àmọ́ nínú irú wọn tó lé ní 50,000 táwọn onímọ̀ ti kọ sílẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló lè ṣe èèyàn léṣe. Ẹ̀fọn ni ká bẹ̀rù. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tí ibà ń mú lágbàáyé ló jẹ́ ti Nàìjíríà. Ẹ̀fọn sì wà lára oúnjẹ aláǹtakùn inú ilé. Lágbègbè adágún Victoria, ní Kenya àti Uganda, kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Evarcha culicivora. Ẹ̀fọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó ló fẹ́ràn jù. Mi ò ní kẹ́ ẹ ká àwọ̀n ẹ̀fọn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì o! Àmọ́ ta ló ń lé olùrànlọ́wọ́ tí kì í gbowó oṣù?

Ẹ̀sùn kẹta ló gbóná jù: pé bí òwú rẹ̀ bá kọ́ni lójú láàárọ̀, àwọn ará abúlé ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà fò ló ń ta okùn sí, ẹnu ọ̀nà àti ìdí gílóòbù. Alẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń ta á, àwa la sì kọ́kọ́ ń kọjá níbẹ̀ ní ìdàjí. Aláǹtakùn yìí kan náà ni orí 29 nínú Kùránì ń jẹ́, àwọn Mùsùlùmí sì máa ń sọ ìtàn bí òwú rẹ̀ ṣe bo Ànábì lásìírí nínú ihò àpáta.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìbẹ̀rù yìí ń mú wa fín májèlé sínú ilé. Lọ́dún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kéékèèké dichlorvos, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Sniper. Oògùn oko ni, síbẹ̀ a ṣì ń rẹ́ni fín in sínú yàrá kan ṣoṣo tí tọkọtaya àtọmọ ń sùn. Májèlé ò mọ aláǹtakùn yàtọ̀ sí ọmọ ọwọ́.

Ìdájọ́ tèmi rèé. Jànkáriwọ̀, ẹ gbá a dànù. Èyí tó wà ní igun tí ò dí yín lọ́wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá wà níbi tẹ́ ẹ ò fẹ́, ẹ fi ife dé e mọ́ ògiri, ẹ ti páálí sáàárín, kẹ́ ẹ gbé e síta. Ayálégbé tó ń pa ẹ̀fọn fún wa, ó ti san owó ilé tiẹ̀.