Kọ̀ǹpútà Tó Ń Béèrè Àkókò Kò Gbọdọ̀ Gbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá

Ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 2012, kọ̀ǹpútà méjì tí ilé ìwòràwọ̀ àwọn ọmọ-ogun ojú omi Amẹ́ríkà fi ń pín àkókò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn tick àti tock, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ẹni tó bá béèrè pé ọdún 2000 la wà. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi tún un ṣe, síbẹ̀ ó ti da àwọn ọ́fíìsì tó gbójú lé àwọn méjèèjì nìkan láàmú. Níbi tí Kerberos, ètò tó ń yẹ ẹni tó fẹ́ wọlé wò, bá ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, bí aago kọ̀ǹpútà méjì bá fi ju ìṣẹ́jú 5 lọ yàtọ̀ síra, òṣìṣẹ́ kì í sábà rí ọ̀nà wọlé, bó tilẹ̀ tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ bó ṣe yẹ. Lójú tèmi, ẹni tó to kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀bi tirẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ìlànà NTP, tí kọ̀ǹpútà fi ń béèrè àkókò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí David Mills sì gbé jáde ní 1985, ní ọgbọ́n tó fi ń mọ òpùrọ́, àmọ́ ó nílò ẹlẹ́rìí tó pọ̀ tó. Yóò béèrè àkókò lọ́wọ́ gbogbo ibi tí a bá kọ sí i, yóò wo ìwọ̀n ìgbà tí èsì fi rìn, yóò sì gba ti àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan la fún un, ohunkóhun tíyẹn bá sọ ni yóò gbà. Bó bá jẹ́ méjì tí wọn kò sì fẹnu kò, kò sí bó ṣe fẹ́ mọ èyí tó ń parọ́. Mẹ́ta ló ti lè fi méjì mú ẹnì kan, àmọ́ bí ọ̀kan bá kú, a tún padà sórí méjì nìyẹn. Ìdí rèé tí IETF, àjọ tó ń ṣe ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, fi gbani nímọ̀ràn ní 2019 pé kí a lo mẹ́rin, ó kéré tán, kí orísun wọn má sì jẹ́ ọ̀kan náà. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò. Tick àti tock, ọ̀gá kan náà ni wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ fún.

Lórí Linux tó ń fi ètò chrony tún aago ṣe, inú fáìlì chrony.conf la ti ń ṣe é: ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «server» fún ibì kọ̀ọ̀kan, tàbí «pool» fún agbo bíi africa.pool.ntp.org. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ «chronyc sources». Èyí tó bá ní àmì ìràwọ̀ níwájú ni kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Èyí tó bá ní x ni ó fura sí pé ó ń parọ́.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ GPS tó wà lórí òrùlé àwọn ti tó. Ó péye lóòótọ́, mo sì fara mọ́ ọn pé kó jẹ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin 2019, nígbà tí GPS ka ọ̀sẹ̀ 1024 pé tó sì padà sórí òdo, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan sọ ara wọn padà sẹ́yìn ní nǹkan bí ogún ọdún. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta láti ìta ì bá ti mú un. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù dátà: ìbéèrè kan kò ju báìtì 48 lọ, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú kan sí mẹ́tàdínlógún ni ó sì sábà ń lọ. Ohun tí mẹ́rin ń jẹ lójúmọ́ kò tó ti fídíò kékeré kan.

Ẹ̀yin tí kọ̀ǹpútà ilé-ìwòsàn, báńkì tàbí ilé-ẹ̀kọ́ wà níkàáwọ́ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí fáìlì yẹn lónìí. Bí orúkọ tó wà níbẹ̀ kò bá pé mẹ́rin, tàbí tó jẹ́ pé ọ̀gá kan náà ló ni wọ́n, ẹ fi kún un.