Odò Àtọwọ́dá Kì í Bí Omi

Odò Ọ̀tìn ń ṣàn ní agbègbè àwọn ará Inísà. Ẹni tí ó bá mọ irú odò bẹ́ẹ̀ lè rò pé ohun ìrọ̀rùn ni láti la odò kékeré sí ẹ̀yìnkùlé, kí ó máa ṣàn sínú adágún ẹja. Ṣùgbọ́n odò àtọwọ́dá kì í bí omi. Gbígbé ni ó ń gbé e. Níbo ni omi náà yóò ti wá?

Ẹ wo òrùlé yín. Bí páànù ilé bá gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10, òjò mìlímítà 10 péré yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 1,000, èyíinì ni kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 40. Ẹ fi táńkì gbà á, kí ẹ sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi amọ̀ tẹ́ ojú odò náà, kí ilẹ̀ má baà fa omi mu. Ẹ to òkúta sí i, nítorí omi tí ó bá ń ta lórí òkúta a máa kó afẹ́fẹ́ wọ inú adágún. Àrọ̀ lè yọjú mí sókè. Ẹpìyà kò ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀.

Bí ọyẹ́ bá dé ńkọ́, tí kànga relẹ̀? Kí ọ̀fun aládùúgbò máa gbẹ kí ẹja tiwa lè lúwẹ̀ẹ́, èyí kò yẹ ọmọlúwàbí. Nítorí náà, kí a tó gbẹ́ adágún, ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀ẹ̀rùn wọn agbára wa. Ọjọ́ òjò kọ́ ni a ń mọ ẹni tí ó ní omi.