Ilé tí Àga Bíṣọ́ọ̀bù Wà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ilé ìsìn rí. Kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tí ó bá tóbi ni à ń pè ní kàtídírà, gẹ́gẹ́ bí kì í ti í ṣe gbogbo ilé ńlá ni à ń pè ní ààfin. Ìtẹ́ ọba ni ó ń sọ ilé di ààfin. Àga bíṣọ́ọ̀bù ni ó sì ń sọ ṣọ́ọ̀ṣì di kàtídírà, nítorí pé ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí àga ni orúkọ náà ti ṣẹ̀ wá. Bàsílíkà ní tirẹ̀ jẹ́ oyè tí Póòpù fi ń dá ilé ìsìn lọ́lá. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ọba ni ó wà nídìí rẹ̀.

Bí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé ní Festac Town àti Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí, kò yani lẹ́nu. Nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí ó wáyé ní oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún 1977 ni ìjọba ṣe kọ́ Festac. Ìlú tuntun ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ilé ìsìn àtijọ́ ní láti kọjú sí Erékùṣù Èkó, tàbí kí ó gba ọ̀nà Àgbádárìgì kọjá sí Ouidah ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí bàsílíkà kan ti kọjú sí ilé òrìṣà erè.

Ní Marina ni Kàtídírà Kristi ti Ìjọ Áńgílíkà wà. Ọdún 1867 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé àkọ́kọ́ lélẹ̀. Bagan Benjamin ni ó ya àwòrán èyí tí a ń rí lónìí; wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1924, ó sì parí ní 1946. Ẹnu fèrèsé rẹ̀ rí ṣóńṣó lókè. Ọgbọ́n ń bẹ níbẹ̀: irú ẹnu ṣóńṣó bẹ́ẹ̀ a máa darí ẹrù òkè sísàlẹ̀ sórí òpó ju kí ó máa ti ògiri síta lọ, ògiri a sì lè ga. Inú ilé yìí ni wọ́n gbé egungun Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther wá ní 1976, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.

Kò jìnnà síbẹ̀ ni Kàtídírà Àgbélébùú Mímọ́ ti Ìjọ Àgùdà wà. Àwọn Àgùdà, àwọn ọmọ wa tí ó ti oko ẹrú Brazil dé, ni a fi sọ ìjọ náà lórúkọ. Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre, tí wọ́n jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ni ó kọ́ ilé ìṣáájú tí wọ́n ṣí ní 1881. João Baptista da Costa, Àgùdà bíi tiwọn, ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ọwọ́ kan náà ni ó tún ilé onígbàgbọ́ ṣe, tí ó sì tún ti Mùsùlùmí ṣe.

Ṣùgbọ́n ilé kì í tọ́jú ara rẹ̀. Ilojo Bar, ilé Àgùdà tí ó wà ní Ojúde Tinúbú, ni ìjọba sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Síbẹ̀, wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ohun tí ọwọ́ àwọn baba wa fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, katakata kò fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ bà á jẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ lọ wo àwọn ilé wọ̀nyí. Ẹ̀yin àgbà Festac, ẹ kọ ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí yín sílẹ̀, ẹ dárúkọ àwọn bíríkìlà àti káfíńtà tí ó kọ́ wọn. Ilé tuntun lónìí ni yóò di ilé àtijọ́ lọ́la. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.