Oṣù Tí Òkun Kì í Gbàlejò

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Agẹmọ 2024, ìyẹn Júláì, mo tò sẹ́nu ilé epo kan ní Mowé láti àárọ̀ kùtù. Oòrùn ń ràn yanran. Ọlọ́kadà tó wà níwájú mi so kẹ́ẹ̀gì méjì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀. Nígbà tí rédíò sọ pé ìjì ààrá ojú òkun wà lára ohun tó jẹ́ kí epo wọ́n, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òkun wo ló wà ní Mowé?"

Òkun wà ní Mowé o. NNPC ló ṣàlàyé lọ́sẹ̀ náà pé ààrá àti ìjì kò jẹ́ kí wọ́n rí epo fà láti inú ọkọ̀ ńlá sínú ọkọ̀ kékeré lójú omi. Ọkọ̀ epo tó tóbi jù kì í wọ Èkó tààrà, nítorí omi ẹnu ọ̀nà kò jìn tó fún un. Ìta lórí òkun ló ń dúró sí, tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké yóò wá fẹ̀gbẹ́ kàn án, tí wọ́n á fi ọ̀pá rọ́bà fa epo sínú tiwọn. Bí ìgbì bá ń gbé ọ̀kan sókè, tó ń sọ èkejì kalẹ̀, irin yóò máa lu irin, ọ̀pá rọ́bà lè já, bẹ́ẹ̀ bẹntiróòlù ló wà nínú rẹ̀. Bí mànàmáná bá tún ń kọ, ẹ̀rù á ba onílàákàyè. Wọ́n á tú okùn, wọ́n á ya ara wọn, wọ́n á máa dúró. Ìdúró wọn lọ́hùn-ún ló di ìlà tiwa ní títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn.

Oòrùn tó ń ràn lọ́jọ́ náà kò sọ nǹkan kan nípa òkun. Láti Okúdù títí wọ Ọwẹ́wẹ̀ ni ìgbì máa ń le jù, ìgbì yìí kì í sì í ṣe ọmọ Èkó. Ìjì tó jà nísàlẹ̀ Àtìláńtíìkì, níbi tí òtútù ti ń mú gan-an, ló bí i. Yóò rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà kó tó fọ́ sí etíkun wa. Ewé ọ̀pẹ lè má mì ní Ìbàfò kí òkun sì máa ru. Lóṣù Ògún 2012, lásìkò tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀, ni ìgbì ya bo etíkun Kúrámò ní Èkó tó sì gbé ènìyàn lọ. Ìjì òjijì tiwa yàtọ̀. Ẹrẹ́nà sí Èbìbí àti ìparí òjò nínú Ọ̀wàrà ni tirẹ̀. Ìlà oòrùn ló ti ń ṣú bọ̀, kì í pẹ́, ṣùgbọ́n ó lè wọ́ ọkọ̀ tòun ti ìdákọ̀ró rẹ̀ kúrò níbi tó wà. Tí ọyẹ́ bá dé, eruku Sàhárà á bo ojú omi, atukọ̀ kò ní í rí iwájú dáadáa.

Páílọ́ọ̀tì ni ìgbì ń dán wò jù. Kò sí ọkọ̀ ńlá tó ń dá wọ Èkó láìjẹ́ pé ẹni tó mọ ẹnu ọ̀nà náà bíi àtẹ́lẹwọ́ gun orí rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré ló ń gbé e lọ bá a ní ìta. Wọ́n á ju àkàbà okùn sílẹ̀ lára ọkọ̀ ńlá, ọkọ̀ kékeré á máa lọ sókè sódò bí ẹni ń jó bàtá. Ìgbà tí ìgbì bá gbé e dé òkè pátápátá ni yóò di okùn mú, kó sì gùn ún kíákíá, torí bí ìgbì bá tún gbé ọkọ̀ kékeré dìde nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, ó lè run ún mọ́ ara irin. Ọjọ́ tí kò bá ṣeé gùn, kálukú á dúró síbi tó wà. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru.

Síbẹ̀, ti òde òní sàn. Láyé àtijọ́, òkìtì iyanrìn kan wà lábẹ́ omi lẹ́nu ọ̀nà Èkó, tí omi orí rẹ̀ kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí méjìlá lọ. Ọkọ̀ ńlá láti Liverpool kò lè gba orí rẹ̀ kọjá. Forcados ni wọ́n ń já ẹrù Èkó sí, kí ọkọ̀ kéékèèké tó gbé e padà wá. Èrò tó bá fẹ́ bọ́ sílẹ̀ ní ìta Èkó, inú àga onígi ni wọ́n ń gbé e sí, tí kéréènì á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ńlá.

Ohun tí wọ́n fi tún ẹnu ọ̀nà yẹn ṣe, Ìfọ̀ ló gbà kọjá. Ní 1907, ọkọ̀ ìwayanrìn tí wọ́n fi orúkọ gómìnà ìgbà náà, Walter Egerton, pè bẹ̀rẹ̀ sí í wa òkìtì náà. Wọ́n tún to òkúta wọnú òkun lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ògiri méjì tí yóò máa gba ìyà ìgbì. Ṣùgbọ́n Èkó kò ní òkúta. Aro lẹ́bàá Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń fọ́ ọ, réluwé ló ń kó o sọ̀kalẹ̀, lórí ojú irin tí wọ́n ṣí dé Ìbàdàn ní 1901. Àpáta ilẹ̀ Ẹ̀gbá ń la Ìfọ̀ kọjá nínú wágọ́ọ̀nù, ó ń lọ jókòó sínú òkun. Nígbà tó fi máa di 1914, ọkọ̀ ńlá ti ń wọ Èkó. Iyanrìn tó ń ti ìwọ̀ oòrùn ṣàn bọ̀ kó jọ sẹ́yìn ògiri, ó di etíkun tuntun lápá Tarkwa Bay; Bar Beach lódì kejì kò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Ìlà ọkọ̀ tó gùn jù tí Èkó tíì rí kò ti ọwọ́ ojú ọjọ́ wá. Ìjọba Gowon ló ra sìmẹ́ńtì tó tó 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, nígbà tí Àpápá kò lè já ju bíi mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Nígbà tí 1975 fi ń parí lọ, ọkọ̀ tó ju 400 ló ti sọ ìdákọ̀ró sí ìta. Ojú ọjọ́ wá bu iyọ̀ sí egbò náà. Bí òjò bá ti ṣú, wọ́n á pa ihò ẹrù dé, iṣẹ́ á dúró. Ọ̀rinrin òkun wọ inú àpò, sìmẹ́ńtì dì gbagidi kó tó fojú kan ilẹ̀. Ohun tó máa ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé Èwékorò, tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì láti 1960, kò jìnnà sí Ìfọ̀ rárá.

Owó ìdádúró ọkọ̀, tí àwọn ejẹ́ńtì ń pè ní dìmọ́réèjì, kò kéré nígbà náà, kò sì kéré báyìí. Àdéhùn sábà máa ń sọ pé wákàtí tí òjò fi dá iṣẹ́ dúró kò sí nínú ìṣirò. Ṣùgbọ́n bí àkókò tí wọ́n fún olówó ẹrù bá ti pé, òjò di tirẹ̀ nìyẹn. Ì báà rọ̀, ì báà dá, owó ń gun orí owó. Oníbúrẹ́dì tó ń ra ìyẹ̀fun ní Ìbàfò kò ní rí dìmọ́réèjì nínú rìsíìtì rẹ̀, àmọ́ ó wà nínú owó tó san.

Àwa tí ìjì bá ká mọ́ ìta máa ń sá wọlé ni. Ti ọkọ̀ ńlá kò rí bẹ́ẹ̀: tí ìjì bá ń bọ̀, àárín òkun ló yẹ kó sá lọ, nítorí ilẹ̀ ló ń pa á. Ọkọ̀ ńlá Pasha Bulker kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní Newcastle lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà lọ́dún 2007, nígbà tó ń dúró láti wá kó èédú. Wọ́n kìlọ̀ pé ìjì ń bọ̀, kò tètè kúrò. Ní ọjọ́ 8 oṣù Júùnù, ìjì gbé e gun orí etíkun Nobbys, hẹlikópítà ló kó àwọn 22 tó wà nínú rẹ̀. Oṣù Júláì ti wọlé kí wọ́n tó rí i fà kúrò.

Lẹ́kì ti ní èbúté tuntun láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023, omi ibẹ̀ jìn tó mítà 16.5. Réluwé tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 náà ń gba Kájọlà kọjá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀. Ẹrù òkun ń gòkè bọ̀ báyìí níhà tí òkúta ti gbà sọ̀kalẹ̀ lọ. Ìgbì Agẹmọ kò mọ̀yẹn. Ẹni tó bá ń retí ẹrù láàárín Agẹmọ sí Ọwẹ́wẹ̀, kó fi ọ̀sẹ̀ kan lé ọjọ́ tí ejẹ́ńtì bá dá fún un.