Kí A Tó Wọ Táyà Ńlá fún Ògbólógbòó Jíìpù

Orúkọ kan náà ni Niger Street tí ó wà ní Kánò ń jẹ́ pẹ̀lú odò Ọya ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Odò yìí ni ọmọ Yorùbá tí ó bá ń ti Kánò lọ sílé ní láti kọjá ní Jẹ́bà kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀ pé òun kò ní pẹ́ gbọ́ ohùn àwọn ará ilé òun. Láti ìgbà tí ojú irin ti dé Kánò ní ọdún 1911 ni àwọn ará Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ti ń wá tẹ̀dó sí Sábóńgàárì, tí wọ́n ń ṣòwò, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, tí wọ́n sì ń bímọ síbẹ̀. Ẹ̀rín díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà: ní Ìbàdàn, Sábó ni àdúgbò tí wọ́n fún àwọn Haúsá láti ọdún 1916; ní Kánò ẹ̀wẹ̀, Yorùbá àti Ìgbò ni Sábóńgàárì kún fún. Níbikíbi tí àlejò bá sì pọ̀ sí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kì í tán níbẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò sí nílé kò lè ṣe kí ó má ronú bí òun yóò ṣe dé ilé.

Nínú àwọn ọkọ̀ tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ tà ni ògbólógbòó jíìpù. Ó lè jẹ́ Land Rover, ó lè jẹ́ Toyota Land Cruiser. Ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, ìpẹtà ti jẹ etí fẹ́ńdà rẹ̀, ilẹ̀kùn kan kò sì ní tì àfi bí a bá gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀ òun ni ó gbé ìyàwó wálé. Òun ni ó gbé òkú bàbá lọ sílé nígbà tí àwọn awakọ̀ èrò kọ̀. Bí ọmọ bá ní kí a tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù, baba rẹ̀ yóò wò ó bí ẹni tí ó ní kí a ta ìyá àgbà. Ohun tí baba fẹ́ ni kí a tún un ṣe. Bí a ó bá sì tún un ṣe, kí a kúkú wọ táyà ńlá fún un, irú èyí tí ó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kí a sì fi ìbòrí sí etí fẹ́ńdà rẹ̀ kí ó lè dà bí ọkọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí.

Ìfẹ́ yìí kì í ṣe ti afẹ́ nìkan. Ẹni tí ó ń ná ọjà abúlé ní àríwá Kánò mọ bí yanrìn ti í gbé táyà tẹ́ẹ́rẹ́ mì, ó sì mọ bí ẹrẹ̀ ti í rí nígbà òjò. Táyà tí ó fẹ̀ kì í tètè rì. Ti afẹ́ náà wà níbẹ̀ o, kí a má parọ́: kò sí ẹni tí ń ti ìdálẹ̀ bọ̀ fún Iléyá tàbí Kérésìmesì tí kò fẹ́ kí àdúgbò mọ̀ pé òun ti dé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí yóò rin bí 1,100 kìlómítà láti Kánò dé Èkó, tí ìyá àti ọmọ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣe ìdánwò.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí onímọ́tò mọ̀ ni iye tí táyà ńlá lè fi kún gíga ọkọ̀. Táyà tí wọ́n ń wọ̀ fún Land Rover kúkúrú ti àtijọ́ ni 6.00-16, tí gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé orí ju íǹṣì 28 lọ díẹ̀. Ti Land Rover gígùn ni 7.50-16, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó íǹṣì 32. Bí a bá bọ́ ti kékeré, tí a wọ ti ńlá, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọkọ̀ yóò ga sí i ní íǹṣì mẹ́ta àti ààbọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín táyà ni irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ gbà kọjá. Ìdajì gíga náà péré ni ọkọ̀ yóò jèrè, èyí tí kò tó íǹṣì méjì. Ìdajì yòókù lọ sókè sínú fẹ́ńdà, níbi tí yóò ti máa wá ìjà.

Èkejì ni pé aago eré yóò bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́. Táyà ńlá ń rìn jìnnà ju ti kékeré lọ ní yíyí ẹ̀ẹ̀kan, ṣùgbọ́n aago kò mọ̀; iye yíyí ni ó ń kà. Nígbà tí ó bá sọ fún awakọ̀ pé 80 ni òun ń sá, ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sá 90. Ẹ̀kẹta ni ó sì burú jù, èyíinì ni bíréèkì. Ẹni tí ó bá di ìdí ọ̀pá mú, tí ó fẹ́ gbé orí rẹ̀ sókè, mọ̀ pé bí ọ̀pá bá ti gùn sí ni ọwọ́ ti í ro ni sí. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún bíréèkì: bí táyà bá ti ga sí ni agbára tí yóò dá a dúró ti gbọ́dọ̀ pọ̀ sí. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Land Rover àtijọ́ ni ó ń lo dúrọ́ọ̀mù, kò sì sí èyí tí ó dàgbà nínú wọn tí bíréèkì rẹ̀ kò nílò àtúnṣe kí ọ̀rọ̀ táyà tó wáyé rárá. Ẹ́ńjìnnì náà yóò mọ̀ ọ́n lára. Òkè tí ó ń gùn ní jíà kẹta tẹ́lẹ̀, jíà kejì ni yóò máa béèrè fún.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ fẹ́ńdà kàn. Bí awakọ̀ bá yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin, etí táyà yóò máa ha irin. Bí ẹsẹ̀ kan bá bọ́ sí kòtò, táyà yóò fò sókè, yóò sì gé ara rẹ̀ ní etí fẹ́ńdà tí ìpẹtà ti sọ di ọ̀bẹ. Ìdí nìyí tí àwọn pánẹ́lì-bítà fi ń gé fẹ́ńdà. Ìbòrí tí wọ́n ń fi sí etí ibi tí wọ́n gé kì í sì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán, bí ọ̀pọ̀ tilẹ̀ ti sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Táyà tí ó yọ síta láìní ìbòrí yóò máa ta òkúta sí gíláàsì ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn, yóò sì máa da ẹrẹ̀ sí ara ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin pàápàá béèrè pé kí ohun kan bo táyà kí omi àti ẹrẹ̀ má baà máa ta sókè.

Ṣùgbọ́n ara kí ni a ó de ìbòrí náà mọ́? Ibí yìí ni ọgbọ́n ti pin láàárín Land Rover àti Land Cruiser. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi Land Rover han ayé ní ìlú Amsterdam ní ọdún 1948, irin ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ogun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, wọ́n sì fi irin ṣe ṣáásì tí ó gbé e dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí títí kan àwọn tí ilé iṣẹ́ Leyland tò pọ̀ ní Ìbàdàn nígbà kan. Alumíníọ̀mù kì í dípẹtà bí irin. Nítorí náà ara Land Rover lè máa dán lójú ẹni, kí ṣáásì rẹ̀ sì ti kú láti inú wá, nítorí pé àárín rẹ̀ ṣófo, omi àti ẹrẹ̀ sì ń bẹ níbẹ̀. Land Cruiser ti irin ni tòkè tilẹ̀. Ìpẹtà rẹ̀ kì í fara pamọ́ pẹ́ títí.

Àwọn ará Kánò ní àǹfààní kan tí àwọn ará Èkó kò ní. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, ọyẹ́ a máa fẹ́ fún oṣù mélòó kan, kò sì sí iyọ̀ òkun nítòsí. Ọkọ̀ tí ó bá dàgbà sí Kánò sábà máa ń lera ju èyí tí ó lo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní Àpápá lọ. Kí onílé má fi èyí gbọ́kàn lé jù, nítorí pé ẹrẹ̀ òjò kan ṣoṣo tí ó lẹ̀ sínú fẹ́ńdà lè di omi mú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Òòlù kékeré ni a fi ń mọ òtítọ́. Kí a wọ abẹ́ ọkọ̀, kí a máa kan ṣáásì níbi gbogbo, pàápàá níbi tí sípíríìngì ti so mọ́ ọn. Irin tí ó yè yóò dún gan-an bí agogo. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ yóò dún bọ̀ọ̀, nígbà mìíràn òòlù yóò wọlé sínú rẹ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n a tún máa fi òòfà wò ó bóyá bódìfílà ni wọ́n fi dí ihò, nítorí òòfà kì í lẹ̀ mọ́ bódìfílà. Kí ẹni tí ń ra Land Rover má sì torí èyí bá aláìṣẹ̀ jà: òòfà kì í lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù bákan náà.

Bí ṣáásì bá ti jẹrà, ibẹ̀ ni gbogbo owó táyà gbọ́dọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn létí ẹni tí ó ti fojú sun táyà. Ọ̀gá pánẹ́lì-bítà tí ó mọṣẹ́ yóò sọ ọ́ síbẹ̀: “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Mo lè ṣe é kí ó wù yín lónìí, àmọ́ bí ẹ bá dé Mọ́kúwà, kò ní wù yín mọ́.” Ẹni tí kò mọṣẹ́, tàbí tí ebi ń pa, yóò ní kò sí wàhálà, yóò po bódìfílà, yóò kùn ún, yóò sì gbowó.

Fẹ́ńdà irin tí ìpẹtà ti jẹ, gígé ni a ń gé e títí a ó fi dé ibi tí irin funfun ti yọ, kí a tó jó páànù tuntun mọ́ ọn. Kí ẹnikẹ́ni tó tan iná wẹ́dà, kí wọ́n tú okùn bátìrì, kí wọ́n gbé táǹkì epo kúrò bí iṣẹ́ bá súnmọ́ ọn, kí yanrìn sì wà nítòsí. Ní àdúgbò tí ilé ti fara ti ilé bí Sábóńgàárì, iná ọkọ̀ kan kì í ṣe ti ẹni kan. Ti alumíníọ̀mù yàtọ̀: wẹ́dà tí ń jó géètì kò lè jó o dáadáa, ìdè ni a ń dè é. Kí wọ́n sì fi rọ́bà sí àárín irin àti alumíníọ̀mù, nítorí bí omi bá bá àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n ti fara kanra, yóò máa jẹ alumíníọ̀mù náà díẹ̀díẹ̀. Táyà bàǹbà inú ilé wúlò fún èyí. Lẹ́yìn ọ̀dà pupa ti ìdènà ìpẹtà, kí wọ́n fi àyè kékeré sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìbòrí kí omi lè rí ibi jáde. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbòrí tí a fi bo ìpẹtà ni yóò máa bọ́ ọ.

Ó ku táyà fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí Michelin ti ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní ọdún 2007, tí Dunlop náà sì dáwọ́ dúró ní Ìkẹjà kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, táyà òkèèrè ni ó kún ọjà, tokunbo sì pọ̀ nínú rẹ̀. Kí olùrà wá nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Bí ó bá ka 3514, ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é, ohun yòówù kí ẹni tí ń tà á sọ. Táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́, kí a má wulẹ̀ dúró ná an. Bí a bá dín afẹ́fẹ́ táyà kù láti 30 sí 18 kí ọkọ̀ lè gba orí yanrìn kọjá, kí a fẹ́ ẹ padà kí a tó wọ ọ̀dà. Nínú oòrùn oṣù kẹta àti ìkẹrin ní Kánò, táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó, tí ó sì ń sáré, yóò gbóná títí yóò fi bẹ́.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí wọ́n gbé ọkọ̀ jáde ní àárọ̀ kùtùkùtù kí ọ̀nà tó kún. Kí wọ́n yí ọwọ́ rẹ̀ dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kí wọ́n tẹ́tí sí i bóyá nǹkan ń ha. Kí wọ́n fún nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ rẹ̀ le lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn 50 kìlómítà. Lẹ́yìn náà, kí awakọ̀ sáré 60 lójú aago eré, kí ọmọ tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì máa wo aago ọwọ́ láti òkúta kìlómítà kan dé èkejì. Bí ó bá lo ìṣẹ́jú kan gééré, aago eré kò parọ́. Bí ó bá lo ìṣẹ́jú àáyá 54, kí awakọ̀ fi 54 ṣe 60 rẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ, kí ó sì kọ ọ́ sórí bébà kan, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ aago náà fún ẹni tí yóò bá a wà á ní Jẹ́bà.