Àdàkọ Ọ̀wọ́-Àmì nínú Èdè C

Kí olùtumọ̀ tó lè ṣàlàyé bí èdè C ṣe ń da ọ̀wọ́-àmì kọ, ó gbọ́dọ̀ ya ọ̀rọ̀-ìperí méjì sọ́tọ̀: ìtọ́ka àti àdàkọ. Nínú èdè yìí, tí Dennis Ritchie ṣẹ̀dá ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1972, ọ̀wọ́-àmì jẹ́ àwọn báìtì tí ó tò tẹ̀lé ara wọn nínú iyè kọ̀ǹpútà, tí òdo sì gbẹ̀yìn wọn. “Okùn” lásán kò lè dúró fún un, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà bá wí ju okùn lọ. Òdo yẹn ni kókó tí a ta sí ìdí rẹ̀. Òun nìkan ni ó ń fi hàn pé ìlẹ̀kẹ̀ ti tán.

Bí p àti q bá jẹ́ atọ́ka, “p = q” kò da àmì kankan kọ. Ojúlé tí q mọ̀ ni p gbà. Ọ̀wọ́-àmì kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń tọ́ka sí. Ìwé tí ó bá pe èyí ní àdàkọ yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Strcpy ni ó ń ṣe àdàkọ gan-an: a máa mú báìtì lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi da òdo náà kọ.

Ewu ibẹ̀ ni pé strcpy kì í wọn àyè tí ó ń kọ nǹkan sí. Bí àpẹẹrẹ, “Oyo” gba báìtì 4, òdo ń bẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ “Ọ̀yọ́” bí ó ti tọ́, ní ìlànà UTF-8, ọ kọ̀ọ̀kan gba 3, àmì ohùn kọ̀ọ̀kan gba 2, y gba 1. Pẹ̀lú òdo, ó di 12. Ẹni tí ó ka lẹ́tà dípò báìtì, tí ó sì pèsè àyè 4, báìtì 8 ni yóò ya wọ inú àyè ohun mìíràn. Ètò náà lè dákú. Ó sì lè máa bá iṣẹ́ lọ pẹ̀lú èsì èké, èyí tí ó burú jù.

Strncpy kò yanjú rẹ̀: bí àyè bá kún, kì í fi òdo sí i. Strlcpy, tí àwọn onís̩ẹ́ OpenBSD gbé jáde ní 1998, ń fi òdo sí i nígbà gbogbo. Síbẹ̀, nínú àyè báìtì 5, Ọ àti ìdajì àmì ohùn ni yóò ṣẹ́kù nínú “Ọ̀yọ́”. Strdup ni ó sàn jù fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wọn ọ̀wọ́-àmì, tí ó sì ń wá àyè tí ó tó o. Ẹni tí ó pè é ni yóò fi free dá àyè náà padà.