Òjò Dé: Ṣé Kí Á Máa Wa Ọkọ̀ Eléré Ni, Tàbí Kí Á Gbé E Pamọ́?

Nígbàkígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ ní agbègbè Ìgbẹsà, ọ̀rọ̀ kan a máa jẹyọ nínú ilé tí ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ eléré, irú èyí tí ó kúrú, tí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ṣé kí á máa wà á nínú ẹrẹ̀ ni, tàbí kí á gbé e sílé títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi dé? Àwọn obìnrin mìíràn a ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ìyàwó ilé. Inú àpò kan náà ni owó mẹkáníìkì àti owó ilé-ìwé ti ń jáde, àwọn ọmọ wa ni ó sì ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ náà.

Ní ìlú òyìnbó, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn ẹbí wa ń gbé, ìgbà òtútù ni ìbéèrè yìí máa ń wáyé. Wọn a máa da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín má baà mú un yọ̀, iyọ̀ náà a sì máa jẹ irin abẹ́ ọkọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń da aṣọ bo ọkọ̀ eléré fún oṣù díẹ̀. Tiwa yàtọ̀. Òjò wa a máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin, a le ní oṣù Kẹfà, a dẹwọ́ díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, a sì tún padà ní oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá. Ta ni yóò gbé ọkọ̀ pamọ́ fún gbogbo àkókò yìí? Àwọn ọ̀sẹ̀ tí òjò le jù lọ ni kí á yàn.

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀nà ni kí á wò kí á tó pinnu ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé tí ń kó ẹrù lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ní Àgbárá, Ọ̀tà àti Ìgbẹsà wúwo púpọ̀, wọn a sì máa gbẹ́ ihò sójú ọ̀nà. Bí omi bá ti bo ihò náà, kò sí ẹni tí ó lè fi ojú wọn jíjìn rẹ̀. Ní àwọn àdúgbò inú lọ́hùn-ún, níbi tí kò sí ọ̀dà, ilẹ̀ pupa a máa di ẹrẹ̀ tí ń yọ̀.

Ẹ́ńjìnì a máa fa atẹ́gùn símú bí ènìyàn. Bí ó bá fa omi, irin inú rẹ̀ lè tẹ̀, nítorí atẹ́gùn ṣeé fún mọ́ra, omi kò ṣeé fún mọ́ra. Ọkọ̀ tí ó rẹlẹ̀ ni omi sì tètè ń dé imú rẹ̀. Omi tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 30, èyí tí í ṣe gígùn rúlà ọmọ ilé-ìwé, lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré léfòó. Bí ẹ bá bá àgbàrá pàdé lọ́nà, ẹ yí padà. Bí ọkọ̀ bá kú sínú omi, ẹ má ṣe tún un tanná. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹ sì ké sí mẹkáníìkì.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a gbé pamọ́ kì í ṣe ọkọ̀ tí a gbàgbé. Bátìrì a máa kú, táyà a máa tẹ̀ síbi kan, bíréèkì a máa dípẹtà, èbu a máa hù lára àga, eku a sì máa gé wáyà jẹ. Èyí tí ó burú jù lọ kì í ṣe ti owó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ọmọ mẹ́jọ ni a bá ní òkú nínú ọkọ̀ kan tí a ti pa tì ní àdúgbò kan lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Àgbádárìgì, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ooru inú ọkọ̀ tí a tì pa kì í pẹ́ pa ọmọdé. Nítorí náà, bí ẹ óò bá gbé ọkọ̀ pamọ́, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn àti búùtù, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Bí ọmọ bá sọnù, inú ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

2. Ẹ gbá èérún bisikíìtì àti búrẹ́dì kúrò lórí àga. Òun ni ó ń pe eku.

3. Ẹ má ṣe fi káńfọ̀ sínú ọkọ̀ tí ọmọ ọwọ́ yóò wọ̀. Àwọn ọmọ kan wà láàrin wa tí èròjà kan kò pé nínú ẹ̀jẹ̀ wọn láti inú ìyá wọn wá. Káńfọ̀ lè ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, kí ojú wọn sì pọ́n bí ìyeyè.

4. Aṣọ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni kí ẹ fi bo ọkọ̀. Ọ̀rá a máa sé ọ̀rinrin mọ́lẹ̀.

5. Ẹ má ṣe fa bíréèkì ọwọ́, kí ó má baà lẹ̀ pọ̀. Orí ilẹ̀ títẹ́jú ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ sì fi igi há táyà.

6. Ní ọjọ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ wà á jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Títan ẹ́ńjìnì lójú kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó fún bátìrì.

Nígbà náà, èwo ni kí á ṣe? Ẹ mú ìwé àti gègé. Ní apá kan, ẹ kọ owó kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọkọ̀ èrò tí ilé yóò ná lọ́sẹ̀ kan bí ọkọ̀ bá wà nílé. Ní apá kejì, ẹ kọ owó epo, èyí tí ó ti wọ́n gan-an láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ sì fi owó àtúnṣe tí ẹ san ní ìgbà òjò èṣí kún un. Ìṣirò yìí ni kí ẹ gbé síwájú baálé yín lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kì í ṣe níwájú àlejò. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní tèmi, bí ọkọ̀ náà bá rẹlẹ̀, tí ọkọ̀ mìíràn sì wà tàbí tí ọkọ̀ èrò kò jìnnà, kí ó sinmi nílé ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí òjò le. Ṣùgbọ́n bí òun nìkan ni ilé ní, tí aboyún tàbí ọmọ ọwọ́ sì wà, kí ó má ṣe sinmi rárá: kí táyà rẹ̀ dára, kí epo wà nínú rẹ̀, kí á sì ti mọ ọ̀nà tí kì í kún fún omi lọ sí ilé ìwòsàn kí òru tó dé. Nítorí ìdílé ni a ṣe ra ọkọ̀. A kò dá ìdílé sílẹ̀ nítorí ọkọ̀.